Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta àti Ẹni tí Ó Jókòó ní Ẹ̀gbẹ́ Rẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ìkòkò tí a gbé ka orí òkúta méjì yóò yẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ẹ̀kẹta kún un, ìkòkò a jókòó, oúnjẹ a sì jinná. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn bí a ti ń ro ìtàn irú ọkọ̀ kan tí ó ti di ohun àtijọ́ ní ilẹ̀ púpọ̀, èyíinì ni alùpùpù tí a so àpótí ìjókòó mọ́ ní ẹ̀gbẹ́, tí àpótí náà sì ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ lábẹ́. Sáídìkáà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe àpótí náà; àwa yóò máa pè é ní ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́.

A fẹ́ sọ bí ọkọ̀ yìí ti dé ayé, bí a ti ń gùn ún, ohun tí ó ṣe fún aráyé, ìdí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parun, àti ohun tí ẹni tí ó bá ní ọ̀kan nínú ti àtijọ́ lónìí níláti mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn bí a ti ń lọ: ẹni tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ yìí, ẹrù ni í ṣe, tàbí ẹnìkejì awakọ̀?

Ní ọdún 1885 ni Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach, àwọn ará Jámánì, gbé ẹ́ńjìnì kékeré kan tí ń lo epo sí ara kẹ̀kẹ́ onígi ní Cannstatt. Kẹ̀kẹ́ náà ní ẹsẹ̀ ńlá méjì, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tì í ní ẹ̀gbẹ́ kí ó má baà ṣubú. Ní ọdún 1894 ilé iṣẹ́ Hildebrand àti Wolfmüller ní Munich bẹ̀rẹ̀ sí rọ alùpùpù fún títà. Kò pẹ́ tí irú ọkọ̀ yìí fi tàn ká Yúróòpù. Owó rẹ̀ kò tó ti mọ́tò, nítorí náà akọ̀wé, olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní ìrètí àtira mọ́tò lè tu owó jọ fún alùpùpù.

Ṣùgbọ́n àbùkù ńlá kan wà lára rẹ̀: ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń gbé dáradára. Ọkùnrin tí ó ní aya àti ọmọ yóò gun tirẹ̀ lọ, yóò sì fi àwọn ará ilé rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá ọgbọ́n. Àwọn kan so kẹ̀kẹ́ kékeré mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù kí èrò lè jókòó sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n eruku àti èéfín ni oúnjẹ ẹni náà, bí ìsopọ̀ rẹ̀ bá sì já, awakọ̀ lè rìn jìnnà kí ó tó mọ̀ pé òun nìkan ni ó kù. Àwọn mìíràn gbé ìjókòó sí iwájú. Níbẹ̀, ẹni tí a fẹ́ràn jù ni yóò kọ́kọ́ fi orí kan ohunkóhun tí ó bá dí ọ̀nà.

Nígbẹ̀yìn ni ọgbọ́n ẹ̀gbẹ́ gbilẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1903, ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Motor Cycling tẹ àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan jáde, nínú èyí tí a ya èrò sí ẹ̀gbẹ́ alùpùpù. Ẹ̀rín ni ayàwòrán náà ń wá. Ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, W. J. Graham, ará Enfield, ti kọ̀wé sí ìjọba láti gba àṣẹ lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnì kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni ẹlòmíràn fi ṣe iṣẹ́. Ní ọdún 1912 Fred Watson dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Birmingham. Ọ̀nà tí ó wọ àgbàlá rẹ̀ ni ó tóóró tí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ kò lè gbà á kọjá; nítorí náà ó ṣe èyí tí a lè ká jọ. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni orúkọ Watsonian ti jáde, a sì ń rí orúkọ náà lára ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ títí di òní.

Kí a tó tẹ̀ síwájú nínú ìtàn, ó yẹ kí a sọ bí irú ọkọ̀ yìí ti ń rìn, nítorí ẹni tí kò bá mọ èyí kò lè mọ ìdí tí a fi ń béèrè ohun tí a béèrè lókè. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ méjì a máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí ẹni tí ń gùn ún bá fẹ́ yà sí òsì, òun àti ọkọ̀ rẹ̀ yóò jùmọ̀ tẹ̀ sí òsì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá ti so ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn, ó ti di ohun mìíràn. Kò lè tẹ̀ mọ́. Apá ni a ó fi yí i, a ó sì yí i pẹ̀lú agbára. Nítorí náà ẹni tí ó ti gun alùpùpù fún 20 ọdún lè já sínú kòtò ní ọjọ́ kìíní tí ó bá gun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bí kò bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti tún un kọ́.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń gba apá òsì ọ̀nà, apá òsì ni ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ máa ń wà. Bí awakọ̀ bá fi iná sí i lójijì, alùpùpù fẹ́ sáré, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ tí kò ní ẹ́ńjìnì fẹ́ dúró sẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ a sì fà sí òsì. Bí ó bá dín iná kù, ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ fẹ́ máa lọ síwájú. Gbogbo rẹ̀ a sì fà sí ọ̀tún. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí han àwọn ọmọ ilé-ìwé lè mú pátákó kékeré kan, kí ó so okùn mọ́ igun rẹ̀ ọ̀tún, kí ó sì fà á lórí tábìlì: wọn yóò rí i pé kò ní tọ̀ ọ́ lẹ́yìn gbọọrọ, yóò yí ara sí òsì.

Èyí tí ó le jù ni yíyà sí apá ibi tí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ wà. Bí awakọ̀ bá yà sí òsì pẹ̀lú eré, ẹsẹ̀ ẹ̀kẹta a gbé kúrò nílẹ̀, gbogbo ọkọ̀ a sì fẹ́ dojú dé sí ọ̀tún. Kí ni yóò di ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀? Ìwúwo ẹni tí ó jókòó nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ni. Bí ẹni náà bá gbọ́n, yóò fi ara rẹ̀ sí apá òsì ní àkókò tí ó yẹ, ẹsẹ̀ a sì padà bọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kọ́ ọ ní gígùn fi ń gbé àpò iyanrìn sínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ tí kò ní èrò. Ẹ kíyèsí i: ẹni tí kò di ohunkóhun lọ́wọ́ ni ó ń di ọkọ̀ mọ́ ojú ọ̀nà.

Nísinsìnyí kí a wo ohun tí àwọn ènìyàn fi ọkọ̀ yìí ṣe. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1915, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Brooklyn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Effie Hotchkiss ni orúkọ rẹ̀, gbé ìyá rẹ̀, Avis, sínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ tí a so mọ́ alùpùpù Harley-Davidson, ó sì kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Títì tí a tẹ́ dáradára kò pọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà wọn. Nígbà tí rọ́bà inú táyà tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n gé aṣọ ìbora sí wẹ́wẹ́, wọ́n ká a, wọ́n sì kì í bọ inú táyà. Ní oṣù kẹjọ wọ́n dé San Francisco. Effie ti bu omi Òkun Àtìláńtíìkì sínú ìgò láti ilé. Ó dà á sínú Òkun Pàsífíìkì. Ọmọ ni ó wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ni wọ́n la ilẹ̀ náà já, ìtàn kò sì lè dá orúkọ ọ̀kan pè kí ó fi èkejì sílẹ̀.

Ní àkókò kan náà ogun ńlá ń jà ní Yúróòpù. Ní ọdún 1914 àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sílẹ̀ tí ń gbé ìbọn Vickers sínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ilé iṣẹ́ Clyno wà lára àwọn tí ó ṣe irú ọkọ̀ náà. Ẹnì kan ń wa ọkọ̀, ẹnìkejì ni ó ni ìbọn. Wọ́n tún ṣe èyí tí a lè tẹ́ ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ sí, tí a sì fi gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Nínú ogun kejì, àwọn ará Jámánì ṣe BMW R75 àti Zündapp KS750, tí ẹ́ńjìnì wọn ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú, kí wọ́n lè la ẹrẹ̀ àti iyanrìn kọjá. Àwọn ará Rọ́ṣíà náà ṣe M-72 láti ọdún 1941, wọ́n sì wo BMW R71 ṣe é. Láti ara èyí ni alùpùpù Ural ti ìlú Irbit ti jáde. A ṣì ń ṣe Ural. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1922 sí 2022 ayé ti yí padà púpọ̀, ní ọdún 2022 náà sì ni wọ́n gbé iṣẹ́ títò ó pọ̀ lọ sí Petropavl ní ilẹ̀ Kasakísítánì.

Eré ìje ni ó fi hàn gbangba pé ẹni ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ẹrù. Ní ọdún 1923 ni wọ́n kọ́kọ́ fi alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta díje nínú ìje ńlá ti Erékùṣù Man. Freddie Dixon ni ó gba ipò kìíní lórí alùpùpù Douglas. Ọgbọ́n kan wà lára ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ó lè tẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Ta ni ń mú un tẹ̀? Kì í ṣe Dixon, bí kò ṣe Walter Denny tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́, tí ó di ọ̀pá irin kan mú, tí ó ń fà á tí ó sì ń tì í ní gbogbo kọ́nà. Bí Denny bá ṣì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjèèjì ni yóò ṣubú. Nígbà tí a sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje àgbáyé ní ọdún 1949, Eric Oliver ni ó kọ́kọ́ gbà á, Denis Jenkinson sì ni ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹni tí ó di ọwọ́ alùpùpù mú kò lè ṣe iṣẹ́ ẹni ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹni ẹ̀gbẹ́ kò lè ṣe tirẹ̀.

A dé ibi tí ìtàn yìí fi kan ilẹ̀ Nàìjíríà wàyí. Àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì méjì kan wà, Theresa Wallach àti Florence Blenkiron. Wallach, tí a bí ní ọdún 1909, kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Blenkiron ni obìnrin tí ó kọ́kọ́ gba ìràwọ̀ wúrà ní pápá ìje Brooklands, ní ọdún 1934, nítorí pé ó gun alùpùpù ju máìlì 100 lọ ní wákàtí kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1934 kan náà, àwọn méjèèjì gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù láti lọ sí Cape Town ní ìpẹ̀kun gúúsù Áfíríkà. Alùpùpù Panther ni wọ́n gùn, tí ilé iṣẹ́ Phelon àti Moore ní Cleckheaton ṣe. Sílíńdà kan ṣoṣo ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ ní, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kúbíkì 600. Wọ́n so ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn, wọ́n sì tún so kẹ̀kẹ́ ẹrù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Láti Algiers wọ́n wọ inú aginjù Sàhárà. Ẹni tí ó bá mọ bí ọkọ̀ wọn ti rí yóò mọ irú ìyà tí ó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ń la aginjù kọjá a máa gbẹ́ ipa méjì sínú iyanrìn; ṣùgbọ́n alùpùpù pẹ̀lú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ kò fẹ̀ tó ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ẹsẹ̀ alùpùpù bá wọ ipa kan, ẹsẹ̀ ẹ̀kẹta yóò wà lórí òkìtì láàrin. Bí iyanrìn bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ a rì, ẹnì kan a di ọwọ́ alùpùpù mú, ẹnìkejì a máa wa iyanrìn, a sì máa tì. Ẹ́ńjìnì wọn bàjẹ́ lọ́nà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì tún un ṣe. Ibẹ̀ ni kò ti sí ẹni tí à bá pè ní ẹrù mọ́. Ẹni tí ó jókòó ní àárọ̀ lè jẹ́ awakọ̀ ní ọ̀sán. Ẹni tí ń wakọ̀ ní ọ̀sán lè jẹ́ atiná ní ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n gba Tamanrasset àti Agadez kọjá, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Kano. Ọkọ̀ ojú irin ti so Kano mọ́ Èkó láti ọdún 1912. Bí àárẹ̀ bá ti mú wọn, wọn ìbá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó, kí wọ́n sì bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí ibi tí wọ́n ń lọ, kò sì sí ẹni tí ìbá bá wọn wí. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí orí sí ìlà-oòrùn, wọ́n la ilẹ̀ àwọn Faransé àti Kóńgò àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù já, wọ́n gba Ùgáńdà, Kẹ́ńyà, Tanganyíkà àti Rodéṣíà, wọ́n sì dé Cape Town ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1935. Ọjọ́ 230 ni wọ́n fi rin ìrìn-àjò náà. Nígbà tí ogun kejì dé, Wallach wọ iṣẹ́ ogun, ó sì ń fi alùpùpù jíṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Amẹ́ríkà, ó tún alùpùpù ṣe ní Chicago, ó sì kọ́ àwọn ènìyàn ní gígùn rẹ̀ ní Phoenix. Ó kú ní ọdún 1999, ní ọjọ́ tí ó pé ẹni 90 ọdún. Ìwé tí ó kọ nípa ìrìn-àjò náà, The Rugged Road, jáde ní ọdún 2001.

Kí ni ó wá pa ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́? Mọ́tò kékeré ni. Ní ọdún 1922 Austin gbé Austin Seven jáde, tí tálákà tí ó bá tiraka lè rà; ní ọdún 1959 mọ́tò Mini dé. Nínú mọ́tò, òjò kì í pa ni, ènìyàn mẹ́rin a sì jókòó pọ̀. Bàbá ilé tí ó ti ń gbé aya sínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́, tí ó ń gbé ọmọ sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ta alùpùpù rẹ̀. Ẹgbẹ́ AA ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń gun alùpùpù aláwọ̀ ìyeyè kiri, tí irin iṣẹ́ wọn wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ láti fi ran awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dákú lọ́wọ́, fi í sílẹ̀ ní ọdún 1968. Ilé iṣẹ́ tí ó ṣe Panther náà kógbá sílé ní àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n ní Fílípìnì, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni èrò ń wọ̀ lójoojúmọ́ títí di òní, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń wọ kẹ̀kẹ́ Marwa.

Àwọn kan kò jẹ́ kí ti àtijọ́ run. Ní ọdún 1946 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ alùpùpù àtijọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n ti ń pín in, èyí tí a ṣe láti ọdún 1915 sí 1930 ni ògbólógbòó gan-an. Èyí tí a ṣe lẹ́yìn náà jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀ níláti ní sùúrù. Igi ni egungun ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ àtijọ́ lábẹ́ ọ̀dà, igi a sì máa jẹrà níbi tí ojú kò tó. Wáyà inú ẹsẹ̀ alùpùpù ni a ṣe láti gbé ẹrù tí ó tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ a máa fà á láti ẹ̀gbẹ́, nítorí náà wáyà a máa dẹ̀, táyà a sì máa tètè jẹ. Jíà rẹ̀ níláti rọrùn ju ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ, nítorí ẹrù tí ó ń fà. Ẹsẹ̀ ẹ̀kẹta níláti dojú kọ alùpùpù díẹ̀ ní iwájú, alùpùpù fúnra rẹ̀ sì níláti tẹ̀ díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́. Bí a kò bá tò ó bẹ́ẹ̀, apá awakọ̀ yóò máa bá a jà láti àárọ̀ di alẹ́.

Ní ilẹ̀ wa, ohun kan tún wà láti rántí. Apá òsì ọ̀nà ni a ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí ìjọba yí i sí apá ọ̀tún. Alùpùpù Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà ní òsì dára fún ọ̀nà ti ìgbà náà, nítorí etí ọ̀nà ni èrò wà. Lónìí, àárín títì, níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń pàdé ẹni, ni èrò náà yóò jókòó sí. Awakọ̀ tí ó bá fẹ́ran ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò rò ó kí ó tó jáde.

Ìdáhùn ìbéèrè wa kò ṣòro mọ́. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ rò pé ẹrù ni àwọn ń wá ibi gbé sí. Ọ̀nà ni ó kọ́ wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ènìyàn bá ti gba ẹlòmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò lè rìn bí ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ mọ́. Yóò yí ọwọ́ padà, yóò dín eré kù, yóò sì tún ìrìn kọ́. Ohun tí ó sọnù kéré, ohun tí ó rí gbà pọ̀: ó ń lọ pẹ̀lú ẹni tí ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ní kọ́nà tí òun nìkan kò lè yà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ bá rí àwòrán irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ máa wo awakọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé láti béèrè orúkọ ẹnìkejì.